Kí Àlọ́ Orí Fóònù Máa Dúró De Ègbè Ọmọdé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ló wà lórí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì lóde òní tí àwọn tó ṣe wọ́n ń polówó pé ọmọdé lè dá sí. Ọmọ yóò tẹ igi, igi yóò mì. Yóò tẹ ẹyẹ, ẹyẹ yóò fò lọ. Yóò tẹ etí ìwé, ojú ewé mìíràn yóò ṣí. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe àlọ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, ohun tí mo sì ti rí ni pé irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ ọmọ di ara ìtàn. Ohun tó ń sọ ọ́ di ara ìtàn ni pé kí ìtàn náà nílò rẹ̀, kí ó má lè kúrò lójú kan títí ọmọ náà yóò fi dá sí i. Àlọ́ àpagbè, àlọ́ onítàn tí apàlọ́ ń fi orin sí tí àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń gbè é, ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìtàn orí ẹ̀rọ fún ọmọ Yorùbá ní láti kọ́kọ́ jókòó ti àlọ́ àpagbè kí ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Apàlọ́ yóò ké pé “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé “Ààlọ̀!” Bí ìdáhùn náà bá lọ́ra, apàlọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀, yóò tún un pè, nítorí kò tíì rí àwọn tí yóò bá a gbé e. Nígbà tí ó bá wá sọ pé àlọ́ òun dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, gbogbo ẹni tó jókòó ló ti mọ irú ẹni tí Ìjàpá jẹ́. Kò sí ẹni tó ń retí pé yóò ṣe rere. Ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀nà tí yóò gbà ṣe búburú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí àti orin tí yóò tẹ̀lé e.

Mo fẹ́ mú àlọ́ àsèjẹ Yánníbo ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo ti lò jù. Yánníbo ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Òórùn àsèjẹ gbá Ìjàpá mú lọ́nà, ó jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó padà lọ bẹ babaláwo, orin sì ni ó fi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo gbólóhùn tí Ìjàpá bá kọ ni àwọn ọmọ ń gbè ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Alugbinrin.” Nínú orin yìí, Ìjàpá ń purọ́ pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú tí ọwọ́ òun fi kan àsèjẹ, tí ọwọ́ náà sì fi kan ẹnu.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ègbè náà ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì lè sọ ìtàn náà lè sọ “Alugbinrin”, ó sì lè sọ ọ́ ní àkókò tó yẹ, nítorí pé lílé orin, apá tí apàlọ́ ń kọ, ti fi ibi tí yóò bọ́ sí hàn án. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú lílé, ó mọ̀ pé irọ́ ni Ìjàpá ń pa, ó rántí òórùn tó fa Ìjàpá lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó ń gbè é. Ó di ẹlẹ́rìí tó mọ òtítọ́, tí ohùn rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀bẹ̀ òpùrọ́. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà fi ọmọdé sí àárín ọ̀ràn ìwà báyìí láìṣe ìwàásù fún un. Èyí tó bá dàgbà jù nínú wọn yóò gba lílé orin náà lọ́jọ́ kan, òun náà yóò sì di apàlọ́. Ipò mẹ́ta ló wà nínú orin kékeré yìí, ọmọ sì ń gun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń dàgbà.

Nígbà tí NTA ń gbé ètò àlọ́ jáde fún àwọn ọmọdé ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ tó jókòó yí apàlọ́ ká nínú tẹlifíṣọ̀n ló ń gbè, àwa tí a wà nílé náà sì ń gbè pẹ̀lú wọn, nítorí pé apàlọ́ náà máa ń fi àyè sílẹ̀ kí orin tó kàn. Fídíò àlọ́ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kì í sábà fi àyè sílẹ̀. Ohùn kan yóò sọ ìtàn, ohùn kan náà yóò kọ orin, òun náà ni yóò sì gbè é. Àwòrán rẹ̀ lè dára, èdè rẹ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sùn lọ lójú kan, ìtàn náà yóò parí láìmọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ti ìtàn tí wọ́n ń tẹ̀ kò sì yàtọ̀ bí a ṣe rò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Brøderbund ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn ọmọdé sórí CD-ROM ní 1992, ohun tó wu àwọn ọmọ jù ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú àwòrán ni wọ́n lè tẹ̀ kí ó sì ṣe ohun kan. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti wọ inú ìtàn orí ẹ̀rọ. Ní 2015, Zsofia Takacs, Elise Swart àti Adriana Bus kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìtàn orí ẹ̀rọ jọ, wọ́n sì gbé wọn yẹ̀ wò pọ̀. Wọ́n rí i pé àwòrán tó ń rìn, orin àti ìró tó bá ọ̀rọ̀ ìtàn mu máa ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti lóye ìtàn, ṣùgbọ́n eré àti àwọn ibi títẹ̀ tí wọ́n fi há inú rẹ̀ máa ń dín òye náà kù. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tó ń wá ẹyẹ tí yóò fò ti kúrò lẹ́yìn Ìjàpá.

Ìwádìí mìíràn tó pẹ́ ju èyí lọ tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa rántí. Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1988. Wọ́n kọ́ àwọn òbí ọmọ kéékèèké pé bí wọ́n bá ń ka ìwé alàwòrán fún ọmọ, kí wọ́n máa bi í ní ìbéèrè tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, kí wọ́n gba ohun tí ọmọ bá sọ, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ yẹn yára gbòòrò ju ti àwọn tí òbí wọn kàn ń kàwé fún lọ. Ohùn ọmọ fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń wo ìtàn orí fóònù, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ni pé: níbo ni ọmọ ti ń la ẹnu nínú rẹ̀?

Scratch, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọmọdé lè fi ṣe ìtàn àti eré, ni mo fi ń ṣe tèmi. Ẹgbẹ́ Mitchel Resnick ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 8 sí 16, ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn sì lè fi í sórí kọ̀ǹpútà kí ó máa lò ó láìsí dátà. A kì í kọ àṣẹ sínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún àṣẹ kan, ni a ń tò léra. Lára àwọn búlọ́ọ̀kù náà ni ọ̀kan wà tó ń wọn bí ohùn tó wà ní àyíká kọ̀ǹpútà ṣe ròkè tó, láti 0 dé 100. Búlọ́ọ̀kù yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Mo gba lílé orin Ìjàpá sílẹ̀ ní ohùn arábìnrin àgbà kan ní àdúgbò wa. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo to búlọ́ọ̀kù tó ń sọ fún ìtàn náà pé kí ó dúró títí ohùn tó wà níta yóò fi kọjá ìwọ̀n kan. Ìjàpá yóò kọ gbólóhùn rẹ̀, yóò sì dúró, ikùn rẹ̀ yóò máa mí sókè sódò. Bí àwọn ọmọ bá gbè é, gbólóhùn tó kàn yóò jáde, ikùn náà yóò sì wú díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá dákẹ́, Ìjàpá yóò wà níbẹ̀ títí di alẹ́.

Àwọn ọmọ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn ìdákẹ́ àkọ́kọ́, ẹnìkan nínú wọn yóò ti sọ “Alugbinrin”, gbogbo yàrá yóò sì mọ̀ pé ìtàn ti ń gbọ́ wọn.

Àmọ́ ìwọ̀n ohùn náà gba sùúrù. Bí a bá fi í sí ìsàlẹ̀ jù, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni yóò máa gbè fún Ìjàpá. Bí a bá sì gbé e ga jù, ariwo ni àwọn ọmọ yóò máa pa dípò orin. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ìtàn náà kọ́kọ́ gbọ́ bí àyíká ṣe rí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó rántí ìwọ̀n yẹn, kí ó sì fi díẹ̀ lé e. Ọ̀ràn ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò ròkè tún wà, èmi sì kà á sí pàtàkì ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ọmọ onítìjú tó gbè tán tí ìtàn kò sì dá a lóhùn yóò gbà pé ohùn òun kò tó nǹkan. Nítorí náà, àtẹ́wọ́ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ lè sún ìtàn síwájú, àtẹ́wọ́ kì í sì í ṣe àjèjì nínú orin àlọ́. A lè fi ọmọ bẹ́ẹ̀ sídìí àtẹ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́, yóò bọ́ sínú orin nígbà tí ó bá tó àkókò lójú tirẹ̀.

Fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà, ScratchJr ló dára jù. MIT àti ẹgbẹ́ Marina Umaschi Bers ní Yunifásítì Tufts ló ṣe é, ó jáde ní 2014, ọmọ ọdún 5 sí 7 ni wọ́n ṣe é fún. Àwòrán ni gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ọmọ sì lè gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin péré ni ìtàn kan lè ní níbẹ̀, mo sì rí i pé ìdíwọ̀n yìí wúlò púpọ̀: ilé Yánníbo, ọ̀dọ̀ babaláwo, ojú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ babaláwo lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó bá ní láti to àlọ́ sójú ewé mẹ́rin ti ní láti ronú nípa ohun tó jẹ́ egungun ìtàn náà àti ohun tó lè yọ kúrò. Bí ọmọ bá sì gba ègbè sílẹ̀ ní ohùn ara rẹ̀, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́.

Ìtàn tó ń pín sí ọ̀nà púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn tí ọmọ lè dá sí. Twine, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí Chris Klimas ṣe ní 2009 fún kíkọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, rọrùn fún un: a ó kọ ìpín kan, a ó so ó mọ́ òmíràn, gbogbo rẹ̀ yóò sì di fáìlì kan ṣoṣo tí a lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí yóò sì ṣí lórí fóònù láìsí dátà. Mo gba irinṣẹ́ yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni pé kí a máa bi ọmọ pé “Ṣé o fẹ́ kí Ìjàpá rí ìjìyà tàbí kí ó bọ́?” Bí àbájáde ìwà bá ti di ohun tí a ń yàn bí ẹni ń yan súwíìtì, àlọ́ ti kú. Ibi tí yíyàn yẹ wà ni ojú ọ̀nà, níbi tí òórùn àsèjẹ ti ń fẹ́. Bí ọmọ bá yàn pé kí Ìjàpá má tọ́ ọ wò, kí ìtàn náà gbà fún un: Ìjàpá délé, Yánníbo jẹ àsèjẹ, ó lóyún, ó bí ọmọ, ó parí. Ìtàn náà kúrú, kò sì sí orin níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bá ṣe é ló padà fúnra wọn sí ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì ní kí Ìjàpá tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn nípa ìdí tí ènìyàn fi ń jẹ ohun tí wọ́n ní kó má jẹ, n kì í sì í dá sí i.

Àlọ́ apamọ̀ náà bá ẹ̀rọ mu lọ́nà tirẹ̀. “Òkun ń hó yaa, ọ̀sà ń hó yaa, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” “Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́.” Ẹ̀rọ lè béèrè, kí ọmọ sì kọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n níbí ni àmì ohùn ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé ahọ́n ni ìdáhùn èkejì lè kọ “ahon”, ẹ̀rọ yóò sì sọ fún un pé kò gbà á. Ó burú kí ọmọ mọ àlọ́ kí ẹ̀rọ sì sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Àṣà mi ni pé kí ẹ̀rọ gba ìdáhùn náà bí ó bá ti wù kí ọmọ kọ ọ́, kí ó sì gbé e padà sójú rẹ̀ ní kíkọ tó pé, pẹ̀lú àmì lórí àti nísàlẹ̀, kí ohùn kan sì pè é síta. Ọmọ yóò máa rí bí a ṣe ń kọ ọ́ láìjẹ́ pé a nà án nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú ìtàn báyìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode, ètò kóòdù tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀. “Ẹ” ni a ń kọ, a ó sì fi àmì lé e lórí gẹ́gẹ́ bí kóòdù kejì. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì (irú ìrísí lẹ́tà) tó rẹwà tí wọ́n ń lò fún ìwé ọmọdé ni kò mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí, àmì yóò sì lọ kọlu lẹ́tà tó kàn. Kí a dán fọ́ǹtì wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kí a tó yàn án, nítorí fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò, kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun.

Àwọn tó wà lókè òkun ní ìṣòro tiwọn. Ìyá àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ-ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń pa àlọ́ lórí ìpè olójú-sójú. Ìtàn máa ń lọ dáadáa títí yóò fi kan orin. Ohùn kì í tètè dé, ègbè yóò dé nígbà tí lílé mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò máa gun ara wọn lẹ́yìn, ọmọ yóò sì dákẹ́. Ìmọ̀ràn tí mo fún ìdílé kan tí mo mọ̀ ni pé kí ìyá àgbà gba lílé nìkan sílẹ̀, kí ó fi àyè ègbè sílẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Bí wọ́n bá ń pa àlọ́ lórí ìpè, tó bá kan orin, ìyá ọmọ yóò tẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà lọ́hùn-ún, ọmọ yóò gbè é, ìyá àgbà yóò máa gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni yóò gba ìtàn rẹ̀ padà. Wọ́n ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí a lè bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ní ìtàn ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, àṣẹ sì wà pé kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ wọn kí ó sì tún wọn ṣe. Ìwé ni wọ́n, wọn kò ní ègbè. Ṣùgbọ́n àwòrán wà, ọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá mọ orin lè fi kún un. Mo máa ń ronú nípa ìdánwò tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọn yóò lò kò sí nílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Ohun tí ìran tiwa jẹ lára gbèsè yẹn ni ti orí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ohùn ọmọ kù. Búlọ́ọ̀kù tó ń wọn ohùn nínú Scratch kò gba ohùn sílẹ̀, ìró nìkan ló ń wọ̀n, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ọmọ gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí a bá gbé sí gbangba lórí Scratch, gbogbo ayé ló lè gbọ́ ọ, wọ́n sì lè mú un tún ṣe. Tàwọn ọmọ wa kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ àti fóònù òbí wọn.

Ní báyìí, lílé orin ni mo ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ìtàn, wọ́n rántí ègbè nítorí pé òun ni wọ́n gbè nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n lílé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tó ṣì mọ ọ́n, ẹ má kàn ní kí ó sọ ìtàn fún fóònù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì í kí wọ́n máa gbè é, nítorí n kò tíì rí apàlọ́ tó rántí gbogbo orin tán níwájú ẹ̀rọ nìkan. Ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ègbè. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un kọ ní lílé nìkan, kí àwọn ọmọ sì máa mi orí sí ibi tí ègbè wà láìla ẹnu, kí àyè tó máa fi sílẹ̀ lè gùn bó ṣe yẹ.